Ẹni Tí Kò Jẹ́pè, Kò Wá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ikún ẹlẹ́pà, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó sì dá lórí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí kò gbọ́rọ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń pè wọ́n wọlé.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ọdẹ gbógun ti Ìlú Ẹranko fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìbọn ń dún lọ́sàn-án, ìbọn ń dún lóru. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, àwọn tí ọta kò pa, ariwo ìbọn ti dí wọn létí. Ẹ pe Àgbọ̀nrín, kò gbọ́. Ẹ pe Ìmàdò láti ọ̀tún, òsì ni yóò kọjú sí. Ẹtu tí ewé kan kì í já lẹ́yìn rẹ̀ kó má mọ̀, wọ́n rìn dé ìdí rẹ̀, ó ń jẹko lọ ní tirẹ̀.

Kìnnìún ọba bá pàṣẹ. Ó ní láti òní lọ, ẹranko tí etí bá ń dùn, tàbí tí kò bá gbọ́rọ̀ mọ́, kò ní san kọ́bọ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nídìí ìrókò. Wọn yóò yẹ etí rẹ̀ wò, wọn yóò fún un ní ìkarahun kékeré kan tí yóò kì bọ etí, tí ọ̀rọ̀ yóò fi máa wọlé. Bí ìkarahun bá fọ́, kó dá a padà, kó gba òmíràn. Ọ̀fẹ́ ni.

Èmi ò ní fi ọba Kìnnìún ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àṣẹ yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 ni NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ara ohun tí wọ́n sì fi ta ará ìlú lọ́rẹ ni ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Medresco. Ẹ̀rọ náà kò ṣeé fi pamọ́ sẹ́yìn etí bíi ti òde òní. Ara aṣọ ni wọ́n ń gbé e kọ́, okùn ni yóò gba ibẹ̀ lọ sí etí. Ṣùgbọ́n tálákà tí kò lágbára àtira èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà gbé e kọ́ra, ó sì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ohun tó dára, ẹ jẹ́ ká pè é ní ohun tó dára ká tó máa bá àlọ́ wa lọ.

Ta ni yóò máa yẹ etí wò? Ehoro ni. Ẹni tí Elédùmarè fún ní etí gígùn méjì tó sì tún ní sùúrù, kò sí ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ bí òun. Ehoro kejì wá kún un lẹ́yìn náà. Igbó tiwa níhìn-ín ni Ehoro kejì ti kọ́ṣẹ́. Bó ṣe kọ́ṣẹ́ tán ló já pa. Ẹ má bà á wí, ó lọ́mọ tó ń bọ́. Àmọ́ ìdí nìyẹn tí ìlà etí kò fi gùn rárá lọ́dọ̀ tiwa. Kí lẹ fẹ́ tò sí, nígbà tí kò sí Ehoro? Nínú ìròyìn nípa ìgbọ́rọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021, nínú gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ, ìdá 93 nínú 100 ni kò ní tó onímọ̀ ìgbọ́rọ̀ ẹyọ kan fún mílíọ̀nù ènìyàn kan. Nílé níbí, ẹni tí etí rẹ̀ bá di, owó àpò ara rẹ̀ ni yóò fi ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Bí kò bá sí owó, àwọn ará ilé yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìrókò.

Ìgbín ni agbaṣẹ́ṣe tó ń kó ìkarahun wá. Nígbà tó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọba, ó búra pé kò sí ọjọ́ kan tí òun kò ní wà lójú ọ̀nà. Kò parọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í sí lójú ọ̀nà.

Ìlú tòrò, ẹranko ń pẹ́ láyé; ẹni tó bá sì pẹ́ láyé, etí a máa ṣáájú rẹ̀ kú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìlà gùn láti ìdí ìrókò dé etídò, ó yà sẹ́yìn ọjà, ó tún padà wá pàdé ara rẹ̀. Àwọn kan ń bímọ lórí ìlà. Ìgalà kan kú síbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró dè é fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n rò pé ó ń sùn. Ariwo dé ààfin. Inú bí Kìnnìún, ó ké ramúramù: “Láti òní lọ, ẹranko kankan kò gbọdọ̀ dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ nílé ìwòsàn mi!”

Gbogbo ìjòyè dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kádé pẹ́ lórí. Kò sí ẹni tó bi ọba bóyá yóò wá Ehoro kún Ehoro, tàbí bóyá yóò wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti Ìgbín lọ. Ìjàpá nìkan ló fà wá síwájú.

“Kábíyèsí,” ó ní, “ta ló mọ ìdúró bí èmi? Ibi tí ẹlòmíràn fi òwúrọ̀ kan rìn dé, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn ín. Ẹ fi mí ṣe akọ̀wé ìlà. Kí oṣù tó lé, ìlà yóò tán.”

Ọba fi í joyè. Wọ́n fún un ní ìwé ńlá, wọ́n fún un ní gègé, wọ́n ní kó máa gba iṣu mẹ́wàá lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ tí Ìjàpá gorí oyè, ó pe àwọn Ọ̀bọ káfíńtà, ó ní kí wọ́n kan bẹ́ǹṣì. Wọ́n kan bẹ́ǹṣì láti ìdí ìrókò dé etídò. Ó wá bọ́ síta, ó ní: “Ọba ní ẹ kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ jókòó!” Ẹranko jókòó, ẹsẹ̀ kúkú ti ń ro wọ́n, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ìjàpá ṣí ìwé ńlá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Iye àwọn tó dúró: òdo.*

Nígbà tí Ọ̀yà fẹjọ́ sùn pé ọdún kan àbọ̀ ni òun ti jókòó, Ìjàpá tún wá ọgbọ́n mìíràn. Òwìwí ni oníṣègùn àgbà ní Ìlú Ẹranko, gíláàsì ńlá wà lójú rẹ̀. Ìjàpá ní ẹni tí Òwìwí bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fún ni òfin ọba mọ̀ ní aláìsàn. Ẹni tó bá ti inú ihò rẹ̀ wá tààrà sọ́dọ̀ Ehoro, àlejò ni. Àlejò ló wá kí Ehoro, ta ló ń ka ọ̀sẹ̀ fún àlejò? Òwìwí sì rèé, alẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹyẹ ló sì ń wò jù. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì di àlejò lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé mò ń parọ́ mọ́ Ahun. Ní 2004, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí pé tó bá fi máa di òpin 2008, aláìsàn kò ní dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ láti ìgbà tí dókítà àdúgbò bá ti kọ̀wé nípa rẹ̀ títí dìgbà tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sábẹ́ dókítà àgbà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ kà mọ́ ìlérí náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìgbọ́rọ̀ ni dókítà àdúgbò ń darí wọn sí tààrà, wọn kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà kankan. Bí wọ́n ṣe di àlejò nìyẹn. Àwọn kan lò ju ọdún kan lọ lórí ìlà tí kò sí nínú ìṣirò, títí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera fi gbé odindi ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ etí ní 2007. N kò mọ ẹni tó kọ́ èkejì níṣẹ́ láàárín Ìjàpá àtàwọn akọ̀wé ìjọba London.

Síbẹ̀, ìlà kò tán. Àlejò náà ń pariwo. Ìjàpá ronú títí, ó wá rí i pé ohun tó ń yọ ìlà lẹ́nu ni àwọn tó wà lórí rẹ̀. Ó wá gbé ìlànà kẹta kalẹ̀, èyí gan-an ló sì gbé e níyì láàfin. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa pe orúkọ. Yóò jókòó sẹ́yìn ìwé ńlá, yóò dorí kodò, yóò fi ohùn tíńrín tó ń gba imú jáde pe orúkọ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹni tó bá dáhùn, kó wọlé. Ẹni tí kò bá dáhùn, Ìjàpá á kọ ọ́ pé *kò wá*. Ẹni tí kò bá sì wá sílé ìwòsàn, ó dájú pé ara rẹ̀ ti yá, kí ni wọ́n tún ń fi orúkọ rẹ̀ sórí ìlà ṣe?

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe kan Ikún.

Ikún ń ta ẹ̀pà lọ́jà. Etí rẹ̀ kò kú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, òun náà sì ń dọ́gbọ́n sí i. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í yanu sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn oníbàárà ń ráhùn sínú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó sì ṣe ń rí fún ọmọ ènìyàn náà nìyẹn: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ etí sọ pé ó tó nǹkan bí ọdún 10 láàárín ìgbà tí ẹnìkan bá ti fura sí etí ara rẹ̀ àti ìgbà tí yóò gbà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó gbé Ikún dìde ni ọjọ́ tí wọ́n rán Ọ̀kẹ́rẹ́ sí i pé, “Ìyá, ìyàwó ọmọ yín ti bí o!” Ikún gbọ́ ọ sí pé ìyàwó ọmọ òun ti bì. Ó kó ọsàn wẹ́wẹ́, ó kó ewé, ó sáré débẹ̀ ní jìnnìjìnnì, ó ní kí ìyàwó máa la ẹnu, òun fẹ́ fún un lágbo. Ọmọ tuntun ń ké lórí ẹní, ìyá àgbà ń wá ẹni tó ń bì. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sunkún.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Òòrẹ̀, oníṣègùn àdúgbò. Òòrẹ̀ yọjú wo etí rẹ̀, ó ní ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ikún ní kó fọ̀ ọ́. Òòrẹ̀ ní láyé àná òun ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú iṣẹ́ tí ọba ń sanwó rẹ̀ fún òun mọ́. Kí Ìyá lọ bá Lékèélékèé ní ìsàlẹ̀ ọjà. Lékèélékèé ń fọ etí lóòótọ́, owó ọwọ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà méjì ni Ikún fi tán níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Peckham tàbí Manchester, tí dókítà yín ti ní kí ẹ lọ bá ilé ìtajà kan fún ìdọ̀tí etí, ẹ mọ Lékèélékèé tí mò ń sọ.

Ìdọ̀tí kúrò, etí kò là. Òòrẹ̀ kọ̀wé, Ikún gba káàdì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kó padà sílé, wọn yóò ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tó bá kàn án. Ta ni wọ́n rán? Ayékòótọ́. Ìgbà wo ló lọ? Òru. Ó bà sórí igi lẹ́nu ihò Ikún, ó kígbe pé, “Ìyá ẹlẹ́pà, ọ̀la ni o!” Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó fò lọ. Ikún wà nínú ihò, ó sùn fọnfọn.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó gbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí Ikún ti dé ìdí ìrókò. Ó jókòó sọ́wọ́ iwájú, ó tẹjú mọ́ Ìjàpá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ti dorí kodò sínú ìwé, ẹnu rẹ̀ kò ṣeé rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ẹ bá mi gbè é:

*Lílé:* Ikún o, Ikún ẹlẹ́pà
*Ègbè:* Jalanjíngín, dìde o wọlé
*Lílé:* Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ò jẹ́
*Ègbè:* Jalanjíngín, dìde o wọlé
*Lílé:* Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o ò jẹ́
*Ègbè:* Jalanjíngín, dìde o wọlé
*Lílé:* Ẹni tí kò jẹ́pè, kò wá
*Ègbè:* Jalanjíngín, dìde o wọlé
*Lílé:* Ẹni tí kò wá, ara rẹ̀ ti yá
*Ègbè:* Jalanjíngín, dìde o wọlé

Ikún jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ó lọ bá Ìjàpá, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì kàn mí?” Ìjàpá ṣíwèé. “Ìyá, ẹ kò wá.” “Mo wá kẹ̀! Iwájú yín níhìn-ín ni mo jókòó sí.” “Ìwé ní ẹ kò wá. Ṣé ẹ fẹ́ pe ìwé ọba lónírọ́ ni?” Ó ní kó padà lọ bá Òòrẹ̀, kó gba ìwé tuntun, kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 18 tirẹ̀ látorí òdo.

Èyí náà kì í ṣe ìtàn àròsọ lásán. Nínú òfin ìṣirò NHS ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fún un, láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n lè pa gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti fi dúró rẹ́. Ilé ìwòsàn sì lè dá ìwé rẹ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Fún ẹni tó gbàgbé tàbí tó ṣọ̀lẹ, ó lè tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù tí kò gbọ́ agogo rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó wà nínú yàrá gan-an, tí obìnrin kan yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, tó pe orúkọ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, tó tún wọlé lọ? Orúkọ Yorùbá tí oyinbó pè lọ́nà òdì gan-an, ẹni tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá kì í mọ̀ pé òun ni.

Kò pẹ́ tí Ìjàpá fi rí i pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí Yánníbo gbé àga sẹ́bàá ìrókò, kó kó àwọn Àdán jọ, àwọn tí etí wọn ń gbọ́ ìró ẹ̀fọn lókèèrè. Ẹranko tó bá fẹ́, kó háyà Àdán kan kó wá bá a jókòó. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, Àdán yóò gbá a léjìká. Owó etí ni wọ́n ń pè é. Erin san owó etí, ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i tó jáde pẹ̀lú ìkarahun méjì. Ẹfọ̀n san. Àwọn ìjòyè kò tilẹ̀ dé bẹ́ǹṣì; Ehoro ni wọ́n ń gbé lọ bá wọn nílé lóru, ìyẹn ni kò fi ní agbára láti ṣiṣẹ́ bó bá di òwúrọ̀. Ikún ka ẹ̀pà tó kù nílé, kò tó owó Àdán.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ Ikún pé kò wá. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ará ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ni kò fẹ́ gbọ́. Ẹ mọ bí ọmọ aráyé ṣe rí: bí ẹnìkan bá pè wá tí a kò dáhùn, wọ́n á ní a kọ etí ikún sí wọn, bí ẹni pé Ikún fi ṣe orò ni.

Láàfin ńkọ́? Ayọ̀ ni. Ìwé ńlá dé iwájú ọba, ìlà ti tán. Àwọn tó ti wọlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ara wọn ti yá kò lóǹkà. Kìnnìún yọ̀, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ẹranko tí ara wọn ti yá jọ sí gbangba ìlú, kí wọ́n wá jẹ, kí wọ́n wá mu, kí ayé lè rí iṣẹ́ òun. Ìlù ń dún, àwọn tó pé jọ kò jó. Ọba dìde, ó ní: “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ilé ìwòsàn mi bá ti wo etí rẹ̀ sàn, kó nawọ́ sókè!”

Kò sí ọwọ́ kan. Wọ́n tẹjú mọ́ ọba, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọba wo Ìjàpá. Ìjàpá ní, “Kábíyèsí, ìdùnnú ló gba ọwọ́ wọn.”

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni àwọn ọdẹ ti ń bọ̀. Ajá mẹ́fà ló wà níwájú wọn, agogo kékeré lọ́rùn wọn. Àwọn tí etí wọn mú gbọ́ agogo, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Ìjòyè sá, Erin sá, Kìnnìún ọba sá, adé rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó gbá aládùúgbò rẹ̀ léjìká.

Ìjàpá kò lè sá, ẹ mọ ìrìn rẹ̀. Ó kó orí, ó kó ẹsẹ̀, ó wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ikún ni kò gbọ́ agogo. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀, ilẹ̀ ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí etí ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ajá mẹ́rìnlélógún dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gbì! gbì! gbì! Àgbọ̀nrín mọ̀ ọ́n lára, òun náà lu ilẹ̀. Ìmàdò lu ilẹ̀. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ìkejì dé ìpẹ̀kun gbangba, gbogbo adití Ìlú Ẹranko sì wọ igbó lọ láìku ẹnìkan.

Nígbà tí àwọn ọdẹ dé, Ìjàpá nìkan ni wọ́n bá. Wọ́n jù ú sínú àpò, wọ́n fi okùn dì í lẹ́nu. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ di tòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin látinú àpò:

*Lílé:* Ehoro o, elétí gígùn
*Ègbè:* Jalanjíngín, wá tú mi sílẹ̀
*Lílé:* Erin o, baba olówó
*Ègbè:* Jalanjíngín, wá tú mi sílẹ̀
*Lílé:* Ikún o, Ikún ẹlẹ́pà
*Ègbè:* Jalanjíngín, wá tú mi sílẹ̀
*Lílé:* Mo pè yín títí, ẹ ò jẹ́
*Ègbè:* Jalanjíngín, wá tú mi sílẹ̀
*Lílé:* Èmi rèé, mo wà nínú àpò
*Ègbè:* Jalanjíngín, wá tú mi sílẹ̀

Ikún ń wo àpò tó ń mì lọ láti ẹnu ihò. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ehoro gbọ́. Ẹ̀yìn ìrókò ló sá pamọ́ sí, ìwé ńlá sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí orin wọ inú igbó lọ, ó mú gègé, ó kọ ọ́ pé: *Ìjàpá ọkọ Yánníbo: kò wá.* Ó rò ó wò díẹ̀, ó fi kún un: *Ara rẹ̀ ti yá.* Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó bi ìyàwó ọdẹ léèrè ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má rò pé ọba gbọ́n lẹ́yìn èyí. Ó gbé ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí dìde, Òwìwí ni alága. Wọ́n ní kí Ikún wá jẹ́rìí. Ayékòótọ́ ni wọ́n rán sí i, lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn kò rí i, ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí ọba pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀sùn kankan.

Ikún tikára rẹ̀ ló mú èédú látinú àdògán rẹ̀, ó gba ìdí ìrókò lọ. Ó kọ nọ́ńbà sára igi gàgàrà, kálukú náà sì ní nọ́ńbà lórí káàdì rẹ̀. Bí Ehoro bá ti parí ẹnìkan, yóò bọ́ síta, yóò fọwọ́ kan nọ́ńbà tó kàn. Bí ẹni náà bá ń tòògbé, yóò rìn lọ bá a, yóò gbá a léjìká. Kò ná ọba ní kọ́bọ̀. Ìlà ṣì gùn o, èmi ò ní tàn yín. Ehoro ṣì jẹ́ méjì, Ìgbín ṣì wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, ìwé náà sì mọ̀. Nígbà tó kan Ikún, wọ́n ki ìkarahun bọ̀ ọ́ létí. Lóru ọjọ́ náà, ohùn àkọ́kọ́ tó gbọ́ nínú ihò rẹ̀ ni ti Ayékòótọ́ tó bà sórí igi, tó ń sọ ọjọ́ tó ti kọjá láti èṣí.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá parọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ yín ni èédú Ikún. Láti àárín ọdún 2016 ni ìlànà kan ti de gbogbo ilé ìwòsàn NHS: wọ́n gbọ́dọ̀ bi ẹni tí kò gbọ́rọ̀ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2016 yẹn kan náà ni NHS kò ti lè mú ìlérí ọ̀sẹ̀ 18 ṣẹ mọ́, nítorí náà ẹni tó bá sọ ipò rẹ̀ nù níwájú, ẹ̀yìn tó jìnnà ló ń padà sí. Bí ìyá tàbí bàbá yín kò bá gbọ́ fóònù mọ́, ẹ bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò kí ọjọ́ tó pé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín: lẹ́tà tàbí tẹ́ẹ̀sì ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìpè, bó bá sì kàn wọ́n, kí ẹni tó ń pe orúkọ dìde, kó rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.